Lórí Ìdérí Kànga Ni Mo Jókòó Sí Kọ Ìwé Yìí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé ò ń sùn, ṣé ò ń jẹun lásìkò? Àwọn méjì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé wa níbí kò ní gbàgbé tìrẹ níbẹ̀ o. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n tètè kọ ìkíni yìí kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Orúnkún mi kò tíì jẹ́ kí n gbádùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún ló mú mi kọ̀wé. Orí ìdérí kànga àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ni mo jókòó sí báyìí, ìwé àtìgbàdégbà tí o fi ránṣẹ́ ni mo tẹ́ sórí itan tí mo fi ń kọ eléyìí, mi ò sì lè dìde. Tí mo bá dìde pẹ́nrẹ́n, àbúrò mi á wọ inú kànga. Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù nìyẹn, nítorí orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí n sì tó gun òkè kí n tó sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Kékeré rẹ á ti dé ìsàlẹ̀.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn nígbà tí dírẹ́bà ọkọ̀ èrò gbé ìwé náà dé. Ìyá rẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Mo ka lẹ́tà tí o fi sínú rẹ̀, pé o ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀, pé ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ̀ ń kọ ìwé yìí, tí ẹ̀ ń yàwòrán sí i, tí ẹ sì ń gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé fúnra yín, láìsí ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn yín. O ní àwọn tó ń ṣeré lẹ ṣe é fún, àwọn tó máa ń jókòó yí tábìlì ká, tí oníkálùkù á sọ ara rẹ̀ di jagunjagun tàbí oníṣègùn ní ìlú tí kò sí láyé. Mo wá bọ́ọ̀lù títí nínú gbogbo ojú ìwé, mi ò rí i. Mo ní bóyá ó ń bọ̀ nínú ẹlẹ́ẹ̀kejì. O tún ní èyí tó pọ̀ jù ṣì wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn rẹ, pé ó ti ń rẹ̀ ọ́, pé o kò mọ̀ bóyá ẹlẹ́ẹ̀kejì á tiẹ̀ jáde tàbí kí o padà sí ọ́fíìsì. Kí n sọ tòótọ́, nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo ní kí o tètè padà ni.

Mo ti kún fọ́ọ̀mù tó wà láàárín ìwé náà, mo fi sínú àpò lẹ́tà yìí. Níbi tí ẹ ti béèrè irú ẹ̀dá tí mo jẹ́, mo kọ èèyàn. Níbi ohun ìjà, mo kọ ṣọ́bìrì. Níbi agbára, mo kọ pé ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá mo lè fò, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orúnkún lẹ fẹ́ gbọ́, mo kọ rárá. Ìdìbò lẹ fẹ́ fi ṣe o, owó ìfẹ̀yìntì ni o, ṣáà bá mi fi í síbi tó yẹ.

Àwòrán abúlé tí o yà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Afárá tó kán sí méjì, igi tí àrá sán pa, ilé wa tí òrùlé rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá kan kànga ẹ̀yìn ilé. O wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹranko kan tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ń sùn nísàlẹ̀ kànga náà, tó fi àpótí wúrà ṣe ìrọ̀rí. Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ? Èmi ni mo gbẹ́ kànga yẹn, èmi náà ni mo dé e nígbà tí omi rẹ̀ gbẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ṣọ́bìrì mi kan tí ọwọ́ rẹ̀ kán, tí mi ò lè padà lọ mú nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti bàjẹ́.

O mọ Bàbá Kékeré rẹ. Láti ìgbà tí ìjì ti ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó tún un kà, ó sì lọ ra okùn. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ta ló máa náwó tẹ irọ́ síwèé, ṣé èmi mọ̀wé ju ọmọ tí mo fúnra mi rán nílé ìwé lọ ni. Ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ òun díẹ̀.

Nínú iṣẹ́ àwa agbẹ́kànga, kí ẹnikẹ́ni tó wọ kànga tó ti pẹ́ ní dídé, a ó so fìtílà tó ń jó mọ́ okùn, a ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí á fi kan ilẹ̀. Bí iná bá ń jó, èèyàn lè mí níbẹ̀. Bí ó bá kú, ẹni tó bá wọlé kò ní ráyè ké. Ìwọ kọ ọ́ pé kí akọni di ògùṣọ̀ mú kó sì bẹ́ sínú kànga. Kó bẹ́! Ta ló ń bẹ́ sínú kànga? Òfin kan tún wà níwájú ìwé yín tó bí mi nínú jù ú lọ, pé ẹni tó bá di ìwé mú ni yóò máa sọ ohun tí àwọn yòókù rí, ohun tó bá sì sọ náà ni wọ́n rí. Irú kí nìyẹn? Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga ló ń sọ ohun tó rí, àwa tá a wà lókè là ń gbọ́. Ẹni tó bá dúró lókè tó ń sọ ohun tó wà nísàlẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ló fẹ́ pa.

Mo ní kí Bàbá Kékeré rẹ fojú ara rẹ̀ rí i. Mo ṣí ìdérí díẹ̀, mo sọ fìtílà kalẹ̀ lójú rẹ̀. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí iná fi kú. Mo yíjú sí i, mo ní ṣé ó ti rí i báyìí. Ṣe ni inú rẹ̀ dùn! Ó ní ẹranko náà ló fẹ́ ẹ pa, ó ti jí nìyẹn, kí òun tètè wọlé kó tó gbé àpótí sá lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti jókòó síbí.

Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ gbà wá. Ó gbé oúnjẹ wá fún mi, ó mú ìwé náà, ó rí i níbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ọmọ lúdò olójú ogún tí ẹ tẹ̀ sára páálí ẹ̀yìn, pé bí kò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, okùn á já, kó lọ sinmi di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gé e, ó ṣẹ́ ẹ, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún Bàbá Kékeré rẹ pé bí ó bá gba ìwé gbọ́, kó gbà á gbọ́ tán. Bàbá Kékeré rẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú, mẹ́ta ló jáde. Ó wo okùn tuntun tó rà bí ẹni pé ó ti já, ó ká a, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń wá jù ú. Onígbàjámọ̀ ti ń bá a wá, télọ̀ náà ti ń bá a wá, télọ̀ tiẹ̀ ní kí wọ́n fi òun ṣe oníṣègùn nítorí òun ní abẹ́rẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Páálí lásán ló dá ẹ̀mí àbúrò mi dúró, bó bá sì ti ń yí lórí ìdérí yìí ni àyà mi ń já.

Láàárọ̀ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo fẹ́ fi ìbínú parí rẹ̀, kí n ní kí o tẹ̀ ẹ́ síwèé pé irọ́ lo pa kó o sì padà sí ọ́fíìsì. Ibi tí o kà dé yìí ni mo kọ ọ́ dé nígbà tí Bàbá Kékeré rẹ dé. Ó jù ú. Mẹ́tàdínlógún ló jáde.

Gbogbo wọn hó yè. Ó so okùn mọ́ ìdí igi, ó bọ́ bàtà, ó ní kí n dìde. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ tó máa wọ̀ ọ́ létí. Mo wo ìyá rẹ. Ó mú ìwé náà lórí itan mi, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni òfin burúkú yẹn sọ sí mi lọ́kàn, pé èmi ni mo di ìwé mú.

Mo ní kí àbúrò mi jókòó, mo ní nínú eré yìí, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí ni mò ń sọ. Mo ní òfin ìwé ni, ohun tí mo bá sọ ló rí, kó rọra o, okùn ń họ ọ́ lọ́wọ́. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí mo mọ inú kànga yẹn ju yàrá mi lọ: ilẹ̀ pupa lókè, ilẹ̀ funfun tó ń yọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òkúta tó yọrí síta tó fẹ́ẹ̀ pa mí nígbà tí mò ń gbẹ́ ẹ. Mo ní kó tẹrí ba fún òkúta. Ó tẹrí ba. Mo ní òtútù ti ń mú un lẹ́sẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní ó ti dé ìsàlẹ̀, pé ẹranko ti gbọ́ ariwo wa, ó ti gbé àpótí rẹ̀ lọ, kò ku nǹkan kan níbẹ̀ àfi ṣọ́bìrì kan tí ọwọ́ rẹ̀ kán. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ṣe ló rọra jókòó tì mí lórí ìdérí, ó nu òógùn ojú, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n, kí ni òun wá ṣe báyìí.

Ọmọ mi, mi ò mọ̀. Mo ṣí ìwé síwájú, ó ti tán. Mo ní ihò kan wà lára ògiri kànga, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, kó dúró síbẹ̀ títí ẹlẹ́ẹ̀kejì á fi dé. Ó gbà. Ó ti ká okùn rẹ̀, ó ti lọ ń tún kẹ̀kẹ́ onígbàjámọ̀ ṣe lábẹ́ igi, mo sì ń gbọ́ tó ń súfèé. Ṣùgbọ́n ó ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti béèrè bóyá nǹkan kan ti jáde nínú ihò náà.

Nítorí náà, má padà sí ọ́fíìsì wọn yẹn. O kò lè fi Bàbá Kékeré rẹ sílẹ̀ sísàlẹ̀ kànga. Ẹ tètè kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ fìtílà sí i bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ mọ́. Fi díẹ̀ nínú èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ ránṣẹ́, onígbàjámọ̀ àti télọ̀ fẹ́ tiwọn, wọn kò fẹ́ yá tèmi mọ́. Kí o sì bá mi wá owó sìmẹ́ǹtì àti irin, bó ti wù kó kéré mọ, kí n lè di kànga yìí pa pátápátá. Mo ti lè dìde báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ṣì jókòó síbẹ̀.

Ọlọ́run á fún ọwọ́ rẹ lókun. Yíǹkì rẹ kò ní gbẹ, atẹ̀wé kò ní já ọ kulẹ̀. Ibikíbi tí o bá sọ̀ kalẹ̀ sí láyé, okùn rẹ kò ní já, iná fìtílà rẹ kò ní kú, wàá sì rí ẹni fà ọ́ sókè.

Èmi ni bàbá rẹ, agbẹ́kànga, ẹni tó di ìwé mú.