Òpó Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kọ́ Ló Pa Kúnbi

                              Ojúlé Kẹsàn-án, Mafoluku,
                              Oshodi, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                              Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 2025.

Nimotallahi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá yín ti ń san? Bá mi kí wọn ní Ìkìrun. Èmi ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n inú mi korò.

O ti gbọ́ pé Kúnbi, àbúrò mi tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ti kú. Wọn ò sọ bó ṣe kú fún ọ.

Láti ọdún tó kọjá ni orí ti ń fọ́ ọ. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wà lẹ́yìn ilé wọn. Alàgbà Babáṣọlá, alága àwọn onílé, ní ìgbì rédíò tó ń jáde lára rẹ̀ ló fà á. Mo bẹ Kúnbi pé ká lọ sí ọsibítù. Ó ní, "Àǹtí mi, tí wọ́n bá ti wó òpó yẹn, orí mi á fúyẹ́." Súnkànmí ọkọ rẹ̀ tiẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìgbì tiẹ̀ má baà dá kún un.

Ìjọba rán òṣìṣẹ́ obìnrin kan wá láti wọn ìgbì náà. Orí bẹ́ẹ̀dì Kúnbi gan-an lobìnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé. Ó ní ìwọ̀n kan wà tí kò gbọdọ̀ kọjá kó má baà pa èèyàn lára, pé tibí ò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó wá wo ojú Kúnbi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò." Babáṣọlá bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó ni òpó ti fún un ní rìbá. Gbogbo àwọn ará àdúgbò tó tẹ̀ lé e wá pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi náà pàtẹ́wọ́, Nimota.

Kò lọ yẹ nǹkan kan wò títí ó fi ṣubú sí ìdí máṣíìnì rẹ̀. Ká tó gbé e dé ọsibítù, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló bẹ́ iṣan nínú ọpọlọ rẹ̀, pé oògùn oníhóró tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ ì bá ti kápá rẹ̀.

Lánàá, Babáṣọlá kó èrò wá sílé Kúnbi. Wọ́n ń lọ ṣe ìwọ́de, wọ́n sì fẹ́ lẹ fọ́tò Kúnbi mọ́ páálí pé òpó ló pa á. Súnkànmí ti ń yọ ọ́ lára ògiri nígbà tí mo já a gbà. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀!" Alága ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú. Wọ́n bá tiwọn lọ. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n ń ya fídíò ara wọn.

Kí Àjíbíkẹ́ ọmọ rẹ fún mi. Tí o bá ka èyí tán, dìde, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru tìrẹ wò.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní àbúrò mọ́,
Tẹjúmọ́lá.