Nọ́ńbà Fóònù Bàbá

Àtìní, 3 Nòfẹ́ńbà 2025

Ọ̀gá Mùstàphá mú obìnrin kan wọ ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà wa ní àdúgbò Tunga láàárọ̀. Àǹtí Adétóyìn. Àwọn ni yóò ya àwòrán bí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ ṣe yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ fún ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sauka Kahuta, kí káàdì àwọn aláìsàn lè kúrò nínú páálí, kó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Èmi ni màá kọ ètò náà sínú kọ̀ǹpútà. Mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà tán, Àǹtí ní, "Má tíì kọ." Kai! Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán mi wò níbi iṣẹ́ yìí ku ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ti sọ wọ́n ní Má-Tíì-Kọ.

Àtàláátà, 4

Láti aago mẹ́jọ títí dé àsìkò ìrun Alásárì — orí bẹ́ǹṣì, nínú yàrá káàdì. Má-Tíì-Kọ ń fi Haúsá bi Rodiyat tó ń tọ́jú káàdì léèrè: tí iná bá lọ ńkọ́? Tí èèyàn mẹ́wàá bá dé lẹ́ẹ̀kan náà? Tí ìwọ fúnra ẹ kò bá wá? Mo rò pé ìfàkókò-ṣòfò ni. Nígbà tí à ń padà, wọ́n ka ibi tí iṣẹ́ wa ìbá ti dojú dé fún mi, méje gbáko. Ẹyọ kan ni èmi rí. Wallahi, obìnrin yìí mọṣẹ́.

Jímọ̀, 7

Má-Tíì-Kọ tún pa àwòrán wọn rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.

Àtìní, 10

Àwòrán pé. Ó dára débi pé mo dìde lọ wò ó. Tí iná bá lọ, iṣẹ́ ò ní dúró. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, káàdì ò ní sọnù. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù ni wọ́n fi dá aláìsàn kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Nílé wa ní Tunga Low Cost, nọ́ńbà Bàbá ni gbogbo wa ń kọ sílẹ̀ ní ọsibítù — Màmá, Ìyá Kékeré, àwa ọmọ méje. Hibatullah, ọmọ Ìyá Kékeré, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Pẹnisílìn, tí ara rẹ̀ kò gbà, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́dún méjì sẹ́yìn. Tí kọ̀ǹpútà bá lọ gbé káàdì tèmi, tí kò sí ọ̀rọ̀ pẹnisílìn nínú rẹ̀, fún dókítà rẹ̀ ńkọ́?

Mi ò sọ. Ta ni mí?

Àlàrùbá, 12

Mo ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe yà á. Ọjọ́ Àtìní tó ń bọ̀ ni ilé ìwòsàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ojú ara mi ń tì mí.

Àlàmísì, 13

Mo sọ ọ́. Mo dúró kí àwọn yòókù lọ kírun — a kì í bá àgbà wí ní gbangba — mo kúnlẹ̀, mo sọ̀rọ̀ ilé wa, pẹnisílìn, gbogbo ẹ̀. Má-Tíì-Kọ fa àwòrán wọn sún mọ́ra, wọ́n tún un wò. Wọ́n wá ní nílé àwọn l'Ábẹ́òkúta, oníkálukú ló ní fóònù tiẹ̀, kò tiẹ̀ wá sọ́kàn àwọn láti bi Rodiyat. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo ti rí i. Mo dáhùn pé láti ọjọ́ Àtìní ni.

"Arifah, má tún fi irú èyí sùn mọ́."

Lójú mi níbẹ̀ ni wọ́n pe Ọ̀gá pé kí gbogbo iṣẹ́ dúró.

Jímọ̀, 14

Ọ̀gá gbaná jẹ. Ilé ìwòsàn ti ń retí wa, a ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Òní gan-an sì ni oṣù mẹ́ta mi pé. Mo ti ń palẹ̀ báàgì mi mọ́ lọ́kàn. Ọ̀gá bèèrè pé ta ló ṣe àṣìṣe, èmi ni wọ́n sì tẹjú mọ́.

"Èmi ni," Má-Tíì-Kọ dáhùn. "Arifah ló rí i. Ẹni tó bá lè sọ fún mi pé mo ṣì í, òun ni mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá lé e, èmi náà ń lọ."

Lójú gbogbo ọ́fíìsì! Mi ò rí irú àgbà báyìí rí. Ọ̀gá gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Ní báyìí, aláìsàn kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà tirẹ̀ látinú kọ̀ǹpútà. Fóònù wà fún ìpè nìkan.

Mo délé, Hibatullah ń fọ abọ́, ó ń kùn pé èmi ló kàn láti fọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Mo gba kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò jẹ́ kó rí omi tó wà lójú mi.