Láptọ́ọ̀pù Tí Ìyàwó Rẹ Yàn

Ilé wa lẹ́bàá odò,
Vĩnh Long.

Khương, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Táíwáánì kò le jù fún ọ? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí iṣẹ́ má sì rẹ̀ ọ́ kọjá agbára rẹ. Àwa níbí, ara le. Ìrora ẹsẹ̀ mi ti fi mí sílẹ̀, Bắp ọmọ rẹ sì ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ìyàwó rẹ á gbọ́. O mọ ilé wa, ògiri pákó kì í bo àṣírí. Òun gan-an lọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dá lé, mi ò sì fẹ́ yìn ín lójú rẹ̀ kó má lọ máa wú fùkẹ̀ sí mi. Ìwọ náà, tó o bá kà á tán, pa ẹnu mọ́.

O rántí pé obìnrin tó ń ta oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ edé lágbègbè wa ṣèlérí fún Thắm ìyàwó rẹ pé òun á gbé ìṣirò ọjà òun fún un, kó máa ṣe é nínú ilé, bó bá ṣáà ti ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí oṣù tó parí. Bí kò bá rí i rà, kó bá Lụa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Bình Dương ló kù, kó lọ máa rán bàtà nílé iṣẹ́ ńlá, kí Bắp sì máa bá mi gbé títí di ọdún tuntun. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà lókè òkun, tí ìyá rẹ̀ tún fẹ́ lọ! Oorun ò kùn mí. Gbogbo owó tó wà nílẹ̀, èyí tí o fi ránṣẹ́ àti èyí tí mo rí lórí ẹlẹ́dẹ̀ tí mo tà, kò ju mílíọ̀nù mẹ́jọ đồng lọ. Tá a bá fi ra èyí tí kò dáa, ó parí nìyẹn.

Ìwọ wá ránṣẹ́ pé kó ra èyí tó ní iná pupa lábẹ́ bọ́tìnnì. Áà, Khương! Thắm rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ọkọ mi rò pé òde ijó ni mò ń lọ.” Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé pé ìṣirò lòun fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe eré. Ó ní kó ṣáà má máa lọ́ra, kó má gbóná, kí bọ́tìnnì nọ́ńbà rẹ̀ le, kí bátìrì rẹ̀ sì lè dúró nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ó ní àlòkù gidi láti Japan sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ṣé o mọ olùkọ́ tó ń gbé ní òdìkejì wa? Ó lọ jókòó ti ọkùnrin náà, ó ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń bi í léèrè yìí, ó ń bi í ní tọ̀hún, títí olùkọ́ fi ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́.

A wá lọ sí Cần Thơ, níbi tí àwọn tó ń ta àlòkù pọ̀ sí. Èmi ni mo fà á jáde láàárọ̀ kùtùkùtù, mo ní kí oòrùn má baà pa wá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tường la kọ́kọ́ wọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbálẹ̀ ni, àwa la kọ́kọ́ tẹsẹ̀ wọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo ti ń ta ẹja oníyọ̀ láti ìgbà omidan mi, mo mọ ohun tí mo fà: oníbàárà àkọ́kọ́ tó bá yẹ ọjà wò tí kò rà á, ó ti ba ọjọ́ náà jẹ́ mọ́ ọlọ́jà lọ́wọ́.

Tường gbé ọ̀kan tó ń dán gbinrin jáde. Ó ní, “Àbúrò, wo arẹwà yìí. Sanwó, kó o máa gbé e lọ.” Thắm gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú kí ojú ẹ̀rọ náà funfun báláú kó lè rí àbàwọ́n. Ó yọ ṣájà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ní ká dúró. A dúró. Bátìrì náà ń lọ sílẹ̀ bí omi inú apẹ̀rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ń gbóná. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ẹ̀yìn rẹ̀.” Ojú Tường yí padà. “Ṣé o fẹ́ rajà ni, àbí o fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ?” Mo rí i tó na ọwọ́ mú ìwé ìròyìn àti ìṣáná. Tá a bá fi lè jáde báyìí, ó máa sun ìwé náà ká gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti fi lé orí burúkú wa dànù.

Ojú tì mí gan-an, torí èmi náà ń sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé àwọn èèyàn lẹ́yìn. Ni mo bá tú owó tí mo dì mọ́ inú aṣọ, mo ní, “A ti mú un, a ti mú un, má bínú.” Thắm gbá ọwọ́ mi mú. Kò pariwo. Ó sún mọ́ etí mi, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tá a bá gbé èyí, ọjà rẹ̀ á ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bình Dương ni mò ń lọ yẹn.” Mo tún owó náà dì.

Ṣé o mọ ohun tí ọmọbìnrin náà wá ṣe? Ó mú eku kọ̀ǹpútà kan níbi tí wọ́n so wọ́n rọ̀ sí, nǹkan kékeré yẹn tí wọ́n máa ń fọwọ́ tì kiri lórí tábìlì. Kò ná an rárá. Iye tí Tường pè ló san, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé owó náà fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣí ọjà yín o. Kí oníbàárà máa wọ́ tìrítìrí wọlé. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ yàn, torí oúnjẹ ọmọ mi ni.” Tường wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ju ìṣáná sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní, “Màmá, níbo lẹ ti rí èyí fẹ́ fún ọmọ yín?” Mo ní, “Òun ló rí wa.”

Tường wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé dúdú kan jáde. Ó wúwo, etí rẹ̀ kan ti ha, kò sẹ́ni tó máa bá ìyẹn ya fọ́tò. Thắm tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn ti ń wọlé nígbà yẹn, Tường ń tajà, kò tiẹ̀ ráyè tiwa mọ́. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀, Thắm fi àyè kan tó ṣófo hàn mí, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti lè fi ọpọlọ kún ọpọlọ fún ẹ̀rọ náà, kó má baà máa lọ́ra. Ó wá ná ọjà o! Ó ná an débi pé èmi ọlọ́jà ń wojú ilẹ̀. Owó tó yọ lórí rẹ̀ ló fi ra ọpọlọ náà, owó ọkọ̀ wa sì kù. Khương, mo ti ń najà kí wọ́n tó bí ọ, mi ò rí irú rẹ̀.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ edé náà fi iṣẹ́ díẹ̀ dán an wò, ó sì ní òun ò wá ẹlòmíràn mọ́. Ẹ̀rọ náà kì í gbóná, kì í sì í kú tí iná bá lọ.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Bình Dương wá gbé Lụa, iwájú ilé wa ló dúró sí, ó ń fọn fèrè. Bắp sáré láti ẹ̀yìnkùlé, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Thắm ò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ó kígbe gba ojú fèrèsé, “Lụa, ó dàbọ̀ o! Mo wà lẹ́nu iṣẹ́!” Ọkọ̀ náà lọ. Ó pẹ́ kí Bắp tó jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ náà. Mo wọ ilé ìdáná, mo sunkún dáadáa, kí n tó gbé ìrẹsì kaná.

Ọmọ mi, o fẹ́yàwó. Kí àwọn baba ńlá wa máa ṣọ́ ọ. Kí irin tí ò ń bá ṣiṣẹ́ má ṣe ọ́ léṣe. Kí ọ̀nà tó gbé ọ lọ gbé ọ bọ̀, kó o bá wa láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, àti ìyá ìyàwó rẹ pẹ̀lú,
Sáu Lành.

Mo tún rántí: mo gbọ́ pé wọ́n ní kó o fọwọ́ síwèé iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta mìíràn níbẹ̀ yẹn. Thắm ò rán mi níṣẹ́ kankan sí ọ o. Ṣùgbọ́n Bắp bi mí bóyá ọkọ̀ tó ń kó èèyàn lọ tún máa ń kó wọn bọ̀. Mo ní ó máa ń kó wọn bọ̀. Jọ̀ọ́, má sọ mí di òpùrọ́ lójú ọmọ.