Ìbọn Uncle Báyọ̀ Kò Wọ́

Saturday, oṣù kẹta, 1991

Ojú ṣì ń tì mí.

Uncle Báyọ̀ ló kọ́ mi ní ìbọn yíyìn ní club ayìnbọn wa nítòsí Woolwich Common, ní London. Lónìí wọ́n gbé ìbọn tiwọn fún mi kí n dán an wò, bóyá ó ṣì ń lọ tààrà. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Apá òsì páálí tí a ń yìnbọn sí ni gbogbo ọta lọ bà.

Mo pariwo. Òyìnbó ni mo fi sọ ọ́ kí gbogbo club lè gbọ́, pé ojú Uncle ò ríran mọ́, pé wọ́n ti ba ìbọn náà jẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Uncle gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àárín páálí gan-an ni ihò márààrún wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹyọ kan.

"Nǹkan kan ò ṣe ìbọn náà," ni wọ́n sọ fún mi ní Yorùbá, jẹ́jẹ́, kí ẹlòmíì má baà gbọ́. "Ìwọ lo máa ń dijú kí o tó yìn ín. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Mi ò lè wojú wọn.

A jọ wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n ń béèrè àlàáfíà màámi bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Barnfield ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Uncle, ẹ má bínú." Ilẹ̀kùn ti ń pa dé. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́.

Ó yẹ kí n bọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé wọn. Ńṣe ni mo jókòó títí dé Thamesmead, ibùdókọ̀ tèmi.