Kámẹ́rà Tó Kọ Ojú Ìyá Àgbà

Ọmọ mi àkọ́bí,

Èmi baba rẹ, ọ̀gá àgbà fún gbogbo káfíńtà tó mọ ayùn dì mú, baálé ilé onílẹ̀kùn mẹ́fà, ẹni tó kan àga tí olórí ìlú fi ń jókòó, ni mo jókòó tẹpẹlẹ kọ̀wé yìí sí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ò tíì gbé ọ mì? Kòkòrò ò ní wọ igi ayé rẹ. Ìṣó tí ayé bá fẹ́ kàn mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ á ká. Àmín. Àwa náà wà láàyè, ewúrẹ́ bí méjì, òrùlé ìsọ̀ ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, àmọ́ inú ń bí mi, mi ò sì ní fi ẹ̀rín bò ó.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí o fi rán awakọ̀ sí wa ni. Kékeré báyìí, mo kọ́kọ́ rò pé páálí ìṣáná ni. O ní kí n fi ya ìyá mi, torí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, kí wọ́n lè rí ara wọn nínú fọ́tò lẹ́ẹ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ tó tán níbẹ̀. Ó dára. O ní bátìrì inú rẹ̀ kún dẹ́nu, pé yóò ya ọ̀ọ́dúnrún fọ́tò kó tó rẹ̀ ẹ́, pé ṣájà rẹ̀ tí o gbàgbé sórí tábìlì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo tì í mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ mi, láàárín ayùn àti òòlù, mo ní kó sinmi ìrìn àjò.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi, ìyá wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ń tọ́jú, wọ́n jókòó níwájú ìsọ̀, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Mo tẹ kámẹ́rà. Ó na imú síta, ó wo ìyá fínnífínní, ó ṣẹ́ iná pupa kan, ó fa imú padà, ó dijú. Mo tún tẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn mọ́. Ìyá bi mí pé ṣé ó ti yà wọ́n. Mo ní ó ti sùn ni. Wọ́n ní ṣé ojú àwọn ló wò tó fi sùn. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jókòó níta mọ́. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti máa wo ojú èèyàn bá wo tàwọn tó kọ̀ ọ́, ó yẹ kí àgbà mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Wọ́n ti yí dígí inú yàrá kọjú sógiri. Ṣé ohun tí o rán sí ìyá mi nìyẹn?

Mi ò káwọ́ lẹ́rán. Mo yọ bátìrì náà, mo sá a sóòrùn lórí pákó pẹ̀lú ti rédíò tó ti kú. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ti rédíò jí, ó ka ìròyìn dé ìdajì. Tìrẹ ò mira. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń bá wa ṣájì fóònù, ó kó okùn mọ́kànlá síta, kò sí èyí tí ẹnu wọn bára mu. Ni mo bá gba ìsọ̀ oníṣòó lọ, torí ó ní òṣùwọ̀n. Mo wọn bátìrì tọ́ọ̀ṣì tuntun kan, mo wọn òkú ọ̀kan, ìwọ̀n kan náà ni, ọwọ́ òṣùwọ̀n ò yẹ̀ tó fọ́nrán irun. Mo bi í pé agbára tó jáde lára òkú yìí, kí ló kó lọ tí kò fi dín? Ó ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun ta ìṣó. Ọmọ mi, bí a bá lo símẹ́ńtì, àpò a máa fúyẹ́. Kí wá ni wọ́n ń tà fún wa nínú bátìrì?

Wò ó, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ní ẹbí. Bí ti rédíò bá kú, a yá ti tọ́ọ̀ṣì, bó bá tún rẹ ìyẹn, a bẹ aago ara ògiri. Kódà ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń tà á. Tìrẹ pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì, kò bá ẹnikẹ́ni tan nínú ilé. Oníṣòó ní ó fúyẹ́, pé ó ń pẹ́ ju ti tọ́ọ̀ṣì lọ fíìfíì. Mo ní ẹni tí kì í sí nílé nígbà tí a bá ń wá a, kí ni pípẹ́ rẹ̀ já mọ́? Ó ní ìkẹta wà, tó rí bíi ti tọ́ọ̀ṣì tó sì ṣeé ṣájì. Èyí ní ẹbí, ó tún ń jí dìde. Òun ni mo fara mọ́. Bí o bá tún fẹ́ yan kámẹ́rà, yí ìdí rẹ̀ wò kí o tó wo ojú rẹ̀.

Fi owó bátìrì méjìlá ránṣẹ́, àti owó bàtà fún àbúrò rẹ, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í fọwọ́ kan nǹkan oní-nǹkan. Ibi tí o bá jókòó sí, àga rẹ ò ní mì.

Èmi ni baba rẹ, ọ̀gá àgbà.

Àǹtí mi, ẹ má tíì ká ìwé náà. Èmi àbúrò yín ni, èmi tí Bàbá ń pè ní Ayékòótọ́ torí mo máa ń sín gbogbo ilé jẹ. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ní kí n kọ, pé kámẹ́rà ò ṣiṣẹ́, pé ó dun àwọn. Ti òṣùwọ̀n àti ti dígí, òótọ́ ni. Èmi ni mo ti bàtà bọ̀ ọ́. Ohùn Bàbá ni mo yá, torí tèmi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí.

Bátìrì yín ò ṣẹ̀. Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ya adìyẹ, ewúrẹ́, àti ahọ́n ara mi, tí mo ń jẹ́ kó máa kọ mànà bí ọjọ́ òjò. Ọ̀sán Sátidé, mo bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo sín Bàbá jẹ bí wọ́n ṣe máa ń bá pákó jà, ìyá rẹ́rìn-ín títí eyín méjì tó kù fi yọ. Mo yà wọ́n. Wọn ò mọ̀. Ni iná pupa bá tàn, ni kámẹ́rà bá dákẹ́.

Kò kọ ojú wọn. Ojú wọn ló fi agbára tó kù wò. Wọ́n wà nínú rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, kò sì sẹ́ni tó lè rí wọn. Ẹ má sọ fún Bàbá, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́, níwájú ìyá, tòun ti fọ́tò náà. Bí wọ́n bá fẹ́ nà mí, kí ìyá kọ́kọ́ rí ara wọn.

Ẹ fi bàtà sílẹ̀. Ṣájà nìkan.