Kọ̀ǹpútà Ní Àǹtí Sẹ̀kínátù Ti Kú

Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Rumuokwuta,
Port Harcourt.
Oṣù Kẹsàn-án, 1992.

Wahab, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ bí òjò Port Harcourt ṣe ń kí òrùlé, tí kì í sinmi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ará ilé le? Èmi náà wà láàyè, àmọ́ bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, wàá mọ̀ pé ‘mo wà láàyè’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi ẹnu lásán sọ níhìn-ín mọ́.

Mi ò tíì fi sísín ènìyàn jẹ sílẹ̀ o. Òun ló lé wa jáde nílé ìwé ní kíláàsì kẹta. Ìwọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbà ọ́ padà. Èmi tún sín hẹdimásítà jẹ lójú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì di ará Port Harcourt. Nígbà tí àbúrò bàbá mi tí mo wá bá níbí ṣí lọ sí Warri tó fi mí sílẹ̀, Àǹtí Sẹ̀kínátù ló gbà mí sílé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ wa náà ni wọ́n. Wọ́n ń ta kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú ní ọjà Creek Road. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Píjìn wọn náà kò sì ju ti owó lọ, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀ wọn. Bí mo bá sín wọn jẹ, wọn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Mi ò ní ẹlòmíràn ní ìlú yìí, Wahab. Ìyẹn ni kí o fi sọ́kàn bí o ti ń kà á lọ.

Ibà mú Àǹtí, mo sì sìn wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Rumuomasi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti débẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà síbẹ̀ báyìí. Àpótí ni, ojú rẹ̀ dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń tàn nínú òkùnkùn rẹ̀, àmì kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, ṣẹ́jú, bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú ibẹ̀ tó ń dúró de èsì. Kọ́pà kan tó kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, Káyọ̀ Akínfẹ́nwá, ọmọ Oǹdó, ló kọ ètò tí àpótí náà ń tẹ̀ lé. Sista Eunice tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń tẹ̀ ẹ́.

Sista tẹ orúkọ Àǹtí, ó ka nǹkan kan, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Àpótí náà ké ‘píìn’, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Kò sọ ohun tó ṣe. Nígbà tí Sista tún orúkọ náà tẹ̀ kó lè ṣí káàdì, ohun tó kọ ni: SEKINATU ALABI. LATE. CARD CLOSED. Sista kà á sókè, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Èmi tí mo gbọ́n jù, mo yára túmọ̀ fún Àǹtí pé wọ́n ní wọ́n pẹ́. Inú bí wọn! ‘Èmi? Èmi tí mo jí dé kí wọ́n tó ṣí géètì? Ẹ bi Dagogo!’ Dagogo ni ó ń ṣọ́ géètì. Ó ní, ‘True true, mama come before me sef.’ Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ganiyat ni, ará Ọ̀yọ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí ti Àǹtí, tó sì mọ̀wé díẹ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n yọ ọ̀wọ̀ rẹ̀ kúrò nínú lẹ́tà yìí nítorí ohun tó fi ojú wa rí. Ó ní, ‘Bashiru, kì í ṣe pípẹ́ ni wọ́n ń wí. Òkú ni wọ́n ń pè ní late.’ Ẹ̀rín gé. Ó wo Àǹtí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rọra sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó wá ní, ‘Sẹ̀kínátù, ìgbà wo lo délé kẹ́yìn?’ Àǹtí ń tún gèlè wọn wé.

O mọ ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè yẹn. Ẹni tó kú nílé, tí wọ́n sin, tó wá lọ ń gbé ìlú òkèèrè bí alààyè, tó ń tajà, tó ń kí ènìyàn káàárọ̀. Àkúdàáyà. Ibo ni irú wọn ì bá sì yàn ju Port Harcourt lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ilé baba ẹnikẹ́ni? Bí àṣírí wọn bá sì tú, wọn kì í dúró. Ilẹ̀ á mọ́, yàrá á ti ṣófo.

Ọ̀rọ̀ náà dé Creek Road kí àwa tó débẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rántí nǹkan. Wọn ò rí ará ilé kan kó wá bẹ Àǹtí wò rí. Iléyá kan ò gbé wọn relé rí. Èyí tó burú jù ni ọjà tí wọ́n ń tà, kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ, ohun tí a fi ń wẹ òkú. Obìnrin kan gbé ọṣẹ tó ti lò dé ìdajì padà wá, igi ló fi tì í sórí ẹní wọn kí ọwọ́ òun má baà kan tiwọn. Àwọn tó ń yà kí wọn tẹ́lẹ̀ wá ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá.

Àǹtí fúnra wọn wá ń yí padà lójú mi. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, ‘Bashiru, ṣé o rí mi?’ Màá ní mo rí yín. Wọ́n á ní, ‘Ó dáa.’ Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́. Ní ọ̀sán kan mo sín wọn jẹ, bí wọ́n ṣe ń polówó, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín: ‘Ẹ ra kàn-ìn-kàn-ìn o, ìdọ̀tí ò mọ ọlọ́lá!’ Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dẹtí bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lókèèrè, wọ́n ní, ‘Ohùn tí mo ń fọ̀ nígbà yẹn gan-an nìyẹn.’ Nígbà wo? Mi ò lè bi wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bá wọn tí wọ́n ń di ẹrù.

Mo sáré lọ bá Búròdá Káyọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ fún àpótí yín kó jí wọn padà.’ Ó ní, ‘Kọ̀ǹpútà kì í purọ́, Bashiru. Ohun tí Sista tẹ̀ ló kọ.’ Sista Eunice fò dìde: ‘Me? I no press die! E ask me, I answer am correct!’ Wọ́n ń bá ara wọn jà, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ta ló wá wà láàárín wọn tó pa Àǹtí mi?

Mo ní kí wọ́n fi ohun tó béèrè hàn mí. Bí aláìsàn kan bá ti pẹ́ tí kò wá, àpótí náà á kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: PATIENT NOT DEAD? Y/N. Y ni ‘yes’, N ni ‘no’; Y ni Sista tẹ̀. Mo bá ṣe ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fi ohùn Búròdá Káyọ̀ béèrè, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń gba imú jáde: ‘Patient not dead?’ Mo yí ọrùn, mo fi ọwọ́ sí ìbàdí, mo di Sista Eunice: ‘Yes now! She never die!’ Sista pàtẹ́wọ́: ‘Na so! Na wetin I talk be that!’ Búròdá Káyọ̀ ò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó pẹ̀ẹ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìwé tirẹ̀, ‘yes’ níbẹ̀ ni pé ó ti kú. Lẹ́nu tiwa ńkọ́? Bí wọ́n bá ní ‘O ò tíì jẹun?’, ṣé ‘hẹn, mi ò tíì jẹun’ kọ́ là ń wí? Bẹ́ẹ̀ náà ni Píjìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni òun fúnra rẹ̀, nílé ìyá rẹ̀! Àmọ́ nígbà tó jókòó kọ ètò, ó gbàgbé ẹnu ilé.

Mo ní, ‘Ó dáa, ẹ dá wọn padà.’ Ó ní òun ò ṣe ọ̀nà àbọ̀ sí i. Ó ní, ‘Ta ló ń kú tó ń padà wá, Bashiru?’ Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó sì bojú wẹ̀yìn.

Ó ní kí n jókòó ti òun. Ó ń bi mí báwo ni Sista á ṣe wí i, báwo ni Dagogo á ṣe wí i bó bá jẹ́ òun ló wà níbẹ̀. Mo ń sín wọn jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní àpótí tó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ sọ èdè ẹni náà, kó má lo ọ̀rọ̀ olójú méjì bíi late. Bó bá ṣe nǹkan tán, kó wí ohun tó ṣe. Ó tún ní kó máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣì í tẹ̀, nítorí kò sí ọwọ́ tí kì í ṣìnà. Ó wá bẹ Sista Eunice, ó ní ẹ̀bi ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ́. Nígbà tó parí, kò sí ìbéèrè mọ́. Ìlà méjì péré ló kù: 1. DIS PERSON DEY ALIVE. 2. DIS PERSON DON DIE.

Mo lọ bẹ Ìyá Ganiyat àti àwọn obìnrin Creek Road kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Wọ́n wá, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, níbi tí ẹsẹ̀ ti lè tètè sá. Búròdá Káyọ̀ ní kí Àǹtí fúnra wọn tẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ lè parí. Mo ka ìlà méjèèjì fún wọn. Wọ́n na ìka. Ìka náà dúró lókè bọ́tìnnì, kò sọ̀kalẹ̀. Fáànù ń yí. Àmì kékeré yẹn ń ṣẹ́jú. Ìyá Ganiyat ní, ‘Kí ló dé tí kò lè tẹ̀ ẹ́?’ Àǹtí ní, ‘Bashiru, bá mi tẹ̀ ẹ́.’ Mo tẹ oókan.

Àpótí náà kọ: YOU TALK SAY SEKINATU DEY ALIVE. 1. NA SO. 2. I WAN GO BACK. Àǹtí ní kí n túmọ̀ ìlà ìsàlẹ̀. Mo ní, ‘Mo fẹ́ padà.’ Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá rọra béèrè pé, ‘Padà sí ibo?’

Búròdá Káyọ̀ tó kọ ọ́ gan-an tún bojú wẹ̀yìn. Mo wá rí ìka Àǹtí tó ń lọ, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, sí ọ̀nà eéjì. Wahab, mi ò yára báyẹn rí láyé mi. Mo gbá ọwọ́ wọn mú, mo fi tèmi tẹ oókan. SEKINATU DEY ALIVE. WE DON OPEN HER CARD. WELCOME.

Àwọn obìnrin ké ‘Alihamudulilai!’ Ìyá Ganiyat ló kọ́kọ́ dì mọ́ Àǹtí, ó fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ké pé, ‘Ó gbóná! Alààyè ni!’ Mo ní, ‘Ibà ni, ìyá. Ibà yẹn la gbé wá.’ Àǹtí gba oògùn wọn, wọ́n sì tú ẹrù tí wọ́n ti dì. Ọjà wọn ti ń tà báyìí. Àmọ́ nígbà míì, bí wọ́n bá ń ka owó tàbí tí wọ́n ń gé ọṣẹ, wọ́n á dúró, wọ́n á ní, ‘Bashiru, ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?’

Búròdá Káyọ̀ ní kí n kọ̀wé sí ẹnì kan nílé kó lọ béèrè ní agboolé Àǹtí, kí iyèméjì lè tán. Agboolé náà ò jìnnà sí tiyín, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ṣùgbọ́n bí mo ti kọ ọ́ dé ibí, mo rí i pé mi ò fẹ́ kí o lọ. Bí wọ́n bá ní Àǹtí wà láàyè, mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi ibì kan hàn ọ́ lẹ́yìn ilé, mi ò fẹ́ gbọ́. Ọwọ́ mi ló tẹ oókan. Mi ò ní tẹ eéjì láéláé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a ṣìnà níbi tí kò sí ọ̀nà àbọ̀. Kí orúkọ wa má sọnù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn wa. Kí ìwé rẹ yé ọ, kí o kà á dé ibi tí tèmi ò dé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀nà jíjìn kò lè yà nípá,
Bashiru.

Àfikún: Mò ń wá góòmù tí màá fi lẹ lẹ́tà yìí ni Àǹtí wọlé. Wọn ò mọ̀wé kà, mi ò sì dárúkọ rẹ fún wọn rí. Wọ́n ní, ‘Bá mi kí Wahab. Ní kó máa fi òrí pa ẹsẹ̀ òsì fún ìyá rẹ̀, kó má jẹ́ kó máa dá lọ fami mọ́.’ Ẹsẹ̀ ha ń dun ìyá rẹ bí? Má dá mi lóhùn.