Ẹ̀rọ Ìpo-nǹkan Tó Bá Mi Jókòó Nílé Opó

Àtàláátà, 2 Sẹ́tẹ́ńbà
Mo ṣì ń ṣe opó. N ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà agboolé. Orogún wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn kọ́tìnì mi — ẹ̀rọ ìpo-nǹkan kékeré, irú tí wọ́n ń lò ní lábù, tí Bàbá Waliyat, ọkọ mi, rà kó tó kú. Ọjọ́ tó gbé e dé, gbogbo àdúgbò Àrẹ̀mọ ní ọkọ mi ti fẹ́yàwó lé mi. Inú abọ́ irin rẹ̀ la ti ń dán gọ́ọ̀mù táìlì wò: yanrìn, sìmẹ́ǹtì, kẹ́míkà, ní gbígbẹ. Tí táìlì tá a fi lẹ̀ ò bá já, ìgbà yẹn la tó ń fi ṣọ́bìrì po ti títà. Òun ló ń bọ́ wa. Òun náà ló ń rán Waliyat níléèwé.

Àlàmísì, 4
Zakariyya wá, àbúrò ọkọ mi. Alága ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Ó ní, "Ìyàwó, ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀rọ yìí. Ogún ni."
Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe opó tán. Ó ní ṣé mo fẹ́ bá ẹ̀rọ sùn ni?

Jímọ̀, 12
Louisa ẹnjiníà, oníbàárà wa tó tóbi jù, fẹ́ gọ́ọ̀mù fún bálùwẹ̀ ilé kan l'Ọ̀rányàn. Alága ní opó kì í po sìmẹ́ǹtì, òun á ṣe é. Mo yọjú lẹ́yìn kọ́tìnì. Yéè! Ó wọn sìmẹ́ǹtì, ó tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan — èènì, bí ẹni ń ta gàrí l'Ọjà'ba.
"Bọ̀dá mi, ẹ má fi èènì sí i. Á sán."
"Ahun! Abájọ tí ọjà yín kì í yá."
Kò tiẹ̀ fi ẹ̀rọ dán an wò. Ó fi ṣọ́bìrì po gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlàrùba, 17
Táìlì já. Ògiri bálùwẹ̀ sán. Alága ti sọ fún Louisa pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, irin jákujàku lásán. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

Jímọ̀, 19
Ẹnu ń yún mi. Mo pa á dé.

Sátidé, 27
Àwọn àáfà wá pín ogún. Alága gba ọ̀kadà, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ fi irin bàjẹ́ yẹn kún ìdá ìyàwó, kó máa fi ṣe ìkòkò omi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Inú mi ń dùn. Ẹ̀rọ tó pé, tí nǹkan kan ò ṣe, ti di tèmi!

Àtàláátà, 30
Mo pe Louisa. Ó ní òun ò bínú, ṣùgbọ́n gbogbo kọ́ńtírátọ̀ ti gbọ́. Wọn ò fẹ́ ohunkóhun tó bá ti inú ẹ̀rọ yẹn jáde mọ́. "Ìyá Waliyat, ṣé ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́ lóòótọ́? Àbí ẹnì kan ló ṣe é?"
Tí mo bá ní èènì ni, á bi Alága. Àṣírí á tú pé ẹ̀rọ ò bàjẹ́, Alága á pe àáfà padà, wọ́n á tún ogún pín.
Ó ní, "Hẹ́lò?"
Mo ní, "Ẹ̀rọ náà ni, mà. Ẹ má bínú."